Ohun tí mo kọ́ nípa adójútòfò ìlera láàárín àwọn ọlọ́jà Iléṣà

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo sì ti padà sí Iléṣà tí í ṣe ìlú baba mi, ọ̀rọ̀ tí ó gbà mí lọ́kàn jù lọ ni bí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ìyẹn àwọn ọlọ́jà, aránṣọ, awakọ̀, onídìrí àti àgbẹ̀, yóò ṣe rí ọ̀nà wọ inú ètò adójútòfò ìlera, ìyẹn ètò tí ènìyàn ti ń san owó díẹ̀ sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó bá dé. Mo ti bá wọn jókòó ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, mo ti bá wọn sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ìta mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ kan tí wọ́n fi mí ṣe agbẹnusọ lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn aláṣẹ ń sọ lórí rédíò pé àìmọ̀kan ni kò jẹ́ kí àwọn ará ìlú fara mọ́ ètò náà, pé bí a bá ti là wọ́n lọ́yẹ̀ tó, wọn yóò tú yááyáá jáde wá forúkọ sílẹ̀. Ìrírí mi kò fara mọ́ èyí. Àwọn ènìyàn tí mo bá pàdé ti yẹ ètò náà wò. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu aládùúgbò tí ó ti lò ó, wọ́n sì ti dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n yí ìdájọ́ wọn padà ní láti kọ́kọ́ mọ ẹ̀rí tí wọ́n gbé e lé.

Òfin tí ó kọ́kọ́ dá ètò náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà jáde ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ọdún 2005, lábẹ́ ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ kàn: òṣìṣẹ́ kan, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Èmi náà wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì mọ ìrọ̀rùn tí ó mú bá ìdílé mi, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ràn ètò yìí ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù síta pọ̀ jù. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe lórí iye ènìyàn àti ìlera ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, 97 ni kò ní adójútòfò ìlera kankan, bákan náà ni ti àwọn ọkùnrin sì rí. Nínú gbogbo owó tí à ń ná lórí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí ó ju ìdá 70 nínú 100 lọ ni ó ń jáde láti inú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀, ní ọjọ́ àìsàn gan-an, nígbà tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbọ̀n.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé rí lè ka iye yẹn kọjá láìsí pé ó dùn ún. Ní ìgbà òjò, nígbà tí ibà bá gbòde, a máa ń gba àwọn ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ wọn ti funfun, tí wọ́n ń mí gúlegúle, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n nílò kí ilẹ̀ tó ṣú. Dókítà á kọ ìwé, a ó fi lé ìyá lọ́wọ́, ìyá á sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ fóònù: á pe ọkọ, á pe ẹ̀gbọ́n ọkọ, á pe alájọ, á pe ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó aṣọ. Ní gbogbo àkókò tí ó fi ń pè, àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ń wo aago. Àwọn kan ń rí owó náà ní àsìkò. Àwọn mìíràn, lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì tí gbèsè ti ń gorí gbèsè, á ní àwọn fẹ́ máa gbé ọmọ lọ sílé. Ìwé kan wà tí à ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti buwọ́ lù, tí ó sọ pé òun fúnra òun ni òun yàn láti lọ, àti pé dókítà kò fọwọ́ sí i. Mo ti di àtàǹpàkò àwọn ìyá mú sórí íńkì láti tẹ ìwé yẹn, mo sì mọ̀ dájú pé kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n yàn. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ohun tí à ń kọ ni pé wọ́n kọ ìtọ́jú. Owó ni kò sí.

Èyí ni mo gbé lọ́kàn lọ bá àwọn ọlọ́jà. Ohun tí mo sì kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀. Bàbá kan tí ó ń ta ohun èlò ọkọ̀ dá mi dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó ní, “Ìyá nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà ayé Awólọ́wọ̀, ta ni ó san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó tọ́jú ọmọ rẹ̀?” Gbogbo àwọn tí orí wọn ti ń funfun nínú ìpàdé náà mi orí. Bàbá náà kò purọ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti tọ́jú àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Nígbà tí UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, sì dé ní ọdún 1979, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ìlérí mẹ́rin pàtàkì tí wọ́n ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, Bọ́lá Ìgè sì ni gómìnà; ọdún 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀, tí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP, sì wọlé ní ọdún 1986, owó káàdì, owó oògùn, owó bẹ́ẹ̀dì àti owó kọ́tìnnì wá di ohun tí aláìsàn ń dá san.

Fún ẹni tí ó bá rántí gbogbo èyí, adójútòfò kì í ṣe oore tí ìjọba fẹ́ ṣe é. Ó rí i bí ẹrù tí ìjọba sọ kalẹ̀ ní èjìká ara rẹ̀ tí ó sì ń wá ẹlòmíràn tí yóò gbé e. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí gidigidi, nítorí pé ẹ̀tọ́ ni ó dá lé. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀fẹ́ tí kò bá sí owó lẹ́yìn rẹ̀ kì í kọjá orí ìwé, pé àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàápàá pàdé ní Àbújá ní ọdún 2001, tí wọ́n ṣèlérí láti máa ya ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná wọn sọ́tọ̀ fún ìlera, ìjọba àpapọ̀ wa kò sì tíì dé ibẹ̀ láti ìgbà náà. Kí a máa bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ náà kò ní kí a má ṣe ètò láàárín ara wa. Àwọn kan gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Bàbá tí ó béèrè ìbéèrè náà kò gbà á, títí di òní.

Ohun kejì tí mo máa ń gbọ́ jẹ́ àdúrà. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rógun àìsàn o. Èmi ò ní san owó de àìsàn.” Àwọn tí ń ṣe ìlanilọ́yẹ̀ máa ń gbé èyí lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ àti àlùfáà pé kí wọ́n bá àwọn sọ̀rọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àlùfáà kan ní àdúgbò wa ṣàlàyé fún àwọn ìjọ rẹ̀ pé ìrànlọ́wọ́ láàárín ara ẹni ni, wọ́n sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àdúrà yẹn kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ rárá. Obìnrin kan náà tí ó gba àdúrà yẹn ti lọ forúkọ oyún sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ó ti ra aṣọ ọmọ, ó sì ti tọ́jú owó ilé ìgbẹ̀bí sí ìdí àpótí. Ó mọ bí a ṣe ń múra de ọjọ́ iwájú. Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà kọ ohun tí ó ṣiyèméjì lé láì bá àlejò rẹ̀ jà ni ó gbà. Nígbà tí mo bá dákẹ́, tí mo bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì sọ nǹkan mìíràn, ni ìdí tòótọ́ máa ń jáde: àbúrò rẹ̀ kan wà nínú ètò náà ní Ilé-Ifẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn, paracetamol nìkan ni wọ́n fún un.

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ń ṣe òfin dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fámásì ilé ìwòsàn ìjọba ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Aláìsàn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti tò láti bí aago méje, ó ti gba káàdì, ó ti rí dókítà, ó wá na ìwé oògùn rẹ̀ gba inú ihò fèrèsé náà. Ẹni tí ó wà nínú á wo ìwé, á wo pẹpẹ, á mú bírò pupa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oògùn kìíní, á kọ O/S. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, O/S. Ìkẹta wà, wọ́n á kà á sínú ọ̀rá kékeré. Gbogbo ẹni tí ó ti lọ sí ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí O/S ń wí: oògùn kò sí níbí, lọ rà á níta. Ìlànà sọ pé ẹni tí ó wà nínú ètò kò ní san ju ìdá 10 nínú 100 owó oògùn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tí ó wà ní ìta, gbogbo owó ni yóò san. Tí ó bá padà délé, ìwé tí wọ́n fi bírò pupa ha yìí ni yóò fi han ará ilé, ará ilé á fi han aládùúgbò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ nínú gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Àìkú, ìwé yẹn ti dá a lóhùn kí n tó jókòó.

Kò yẹ kí a dá ilé ìwòsàn nìkan lẹ́bi. Nínú ètò yìí, owó tí wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn lórí ìtọ́jú kékeré jẹ́ iye kan ní oṣù lórí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó yàn án, yálà ẹni náà wá tàbí kò wá. Bí ènìyàn púpọ̀ bá forúkọ sílẹ̀, tí díẹ̀ nínú wọn sì ṣàìsàn, owó náà á tó, á sì ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ ni ó forúkọ sílẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé àwọn aláìsàn ni wọ́n, ilé ìwòsàn á máa jẹ gbèsè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 750 náírà lóṣù ni iye náà fún ẹnì kan, nígbà tí owó oògùn, owó epo dísẹ́ẹ̀lì àti owó abẹ́rẹ́ ń gun òkè lójoojúmọ́. Ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sún un sí 1,450 náírà. Kí ẹni tí ó bá ra insulin, oògùn àwọn alátọ̀gbẹ, láìpẹ́ yìí bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí 750 náírà lè rà. Ilé ìwòsàn tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní sọ fún ọ pé òun kò ní tọ́jú rẹ. Yóò jẹ́ kí o dúró pẹ́, yóò fi àwọn tí ó kó owó lọ́wọ́ ṣáájú rẹ, yóò sì kọ O/S. Mo ti rí i pé bí mo bá ṣàlàyé èyí fún àwọn ọlọ́jà ní tààrà, wọ́n ń yára lóye rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ, nítorí pé ìṣirò èrè àti òfò ni iṣẹ́ wọn. Ìyá kan tí ó ń ta àǹkárá wò mí, ó ní, “Ẹni tí wọ́n bá ní kó ta ọjà ní iye tí kò tó owó tó fi rà á, ṣebí yóò gbé ọjà náà pamọ́ ni.”

Fún ìtọ́jú tí ó bá ju èyí lọ, iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì fún àpẹẹrẹ, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gba kóòdù àṣẹ, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn tí ń bójú tó owó ètò náà fi ń fọwọ́ sí ìtọ́jú, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Mo ti rí ibi tí kóòdù yẹn ti dé ní kíákíá, mo sì ti rí ibi tí aláìsàn ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí ìdáhùn kò dé. N kò ní fi èyí gùn lọ títí, nítorí pé ẹni tí ó bá ti dúró de kóòdù mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì tíì dúró dè é kò ní gbà mí gbọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ará ìlú wa kì í gba ohun tuntun ní ti ìlera. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn agbègbè Ìjẹ̀ṣà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild ti Iléṣà dá kíníkì ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì ṣe káàdì kan tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, tí ìyá fúnra rẹ̀ ń gbé sílé. Àwọn ìyá tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà tọ́jú káàdì yẹn, wọ́n ń gbé e wá, kò sì pẹ́ tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ fi tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ láyé. Kò sí ẹni tí ó fi òfin mú wọn. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ara gbígbóná àti ìgbẹ́ gbuuru ì bá ti kó lọ ń yè, ó sì tán. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe nínú ẹgbẹ́. Àwọn kan rò pé àjọ ni ó bá àwọn obìnrin ọjà lára mu, àti pé ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bi wá pé, “Bí mi ò bá ṣàìsàn ńkọ́, ṣé ẹ ó dá owó mi padà?” Lóòótọ́ ni pé owó àjọ ń padà sọ́wọ́ ẹni tí ó dá a. Ṣùgbọ́n a ní owó mìíràn tí kì í padà. Bí ìyá ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, bí ilé ọmọ ẹgbẹ́ bá jóná, bí ọkọ̀ bá da ọjà ẹnì kan nù, gbogbo wa la ó dáwó, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè owó rẹ̀ padà nítorí pé ìyá tirẹ̀ ṣì wà láàyè. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, akọ̀wé á dìde, á ka iye tí ó wọlé, á ka iye tí a gbé fún ẹni náà, ẹni náà fúnra rẹ̀ á kúnlẹ̀ dúpẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ á rí i. Owó adójútòfò ń lọ sí Òṣogbo tàbí Àbújá, a kò sì ń gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ń dìde ka ìṣirò fún ìyá alátà pé owó tí ó san lọ́dún yìí ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún kan ní Ìbòkun. Ẹni tí ó bá ní ìwà ọmọlúàbí, tí ó sì ń fi owó rẹ̀ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó ràn.

Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tí ó rọ́pò ti 1999. Òfin náà sọ pé dandan ni kí gbogbo ènìyàn tí ń gbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, ó sì dá owó àkànṣe kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè san, ìyẹn àwọn òtòṣì, àwọn aboyún, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn àgbàlagbà àti àwọn aláàbọ̀ ara. Ṣáájú ìgbà náà, òfin ìlera ti ọdún 2014 ti sọ pé ó kéré tán ìdá kan nínú 100 owó tí ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìṣúná. Àwọn ìpínlẹ̀, Ọ̀ṣun náà wà lára wọn, ti dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò tiwọn sílẹ̀. Inú mi dùn sí gbogbo èyí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ “dandan” yẹn kò tíì dé ọjà Àtàkúmọ̀sà. Òṣìṣẹ́ ni ìjọba lè yọ owó lára owó oṣù rẹ̀ kí ó tó rí i. Ta ni yóò yọ ọ́ lára ẹni tí ń ta ewédú? Bí wọ́n bá rán àwọn agbowó-òde lọ bá a, yóò kà á mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ó ń san ní àràárọ̀, yóò sì sá fún un bí ó ṣe ń sá fún wọn. Ilẹ̀ Gánà ronú lé èyí nígbà tí wọ́n ṣe òfin tiwọn ní ọdún 2003: wọ́n fi ìdá 2.5 nínú 100 lé owó ọjà àti iṣẹ́, kí owó ìlera lè máa wọlé lára ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà, láìdúró de ẹni tí yóò wá san. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa tún ibẹ̀ wò dáadáa.

Ní ti àwọn tí ìjọba fẹ́ san fún, ohun tí mo ń gbọ́ ní àdúgbò ni pé àwọn tí wọ́n mọ káńsílọ̀ ni orúkọ wọn ń wà nínú ìwé. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrò náà ti gbilẹ̀, ó sì ń ṣe ìpalára. Bí wọ́n bá lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn kékeré ti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo àdúgbò lè rí i pé opó tí ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, ìdajì ìfura yẹn ni yóò lọ.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ohun tí ó mú àwọn ènìyàn wọlé ni pé a gbé e ṣe bí a ṣe ń ṣe nǹkan ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni wọ́n yan ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n fẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n rán àwọn méjì lọ wo ibẹ̀, tí wọ́n béèrè bóyá nọ́ọ̀sì máa ń wà lóru, tí wọ́n sì wo pẹpẹ oògùn pẹ̀lú ojú ara wọn. Owó ọdún náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá a pẹ̀lú owó ìpàdé, kí ó tó di pé a lọ san án lẹ́ẹ̀kan. Ìjẹ̀ṣà tí àwọn baba wọn jẹ́ òṣómàáló, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n sì ń gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe èyí. Ohun tí ó ṣòro ni láti jẹ́ kí gbogbo ènìyàn wọlé pa pọ̀. Àwọn tí oyún wọn ti wọ oṣù keje àti ẹni tí dókítà ti sọ fún pé yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ipá ni wọ́n kọ́kọ́ sáré wá, a sì ní láti ṣàlàyé fún wọn pé àkókò ìdúró wà kí ènìyàn tó lè lò ó, nítorí pé bí àwọn aláìsàn nìkan bá wọlé, owó náà á tán láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni wọ́n ń fà sẹ́yìn. Ìyálọ́jà ló bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tí kò bá wọlé kò gbọdọ̀ retí kí ẹgbẹ́ dáwó ilé ìwòsàn fún òun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ ẹni tí ń bójú tó àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà pé kí ó máa wá sí ìpàdé wa lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta. Kì í dárúkọ aláìsàn, kì í sì sọ àìsàn ẹnikẹ́ni. Iye àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wá, iye àwọn tí wọ́n bí ọmọ, iye ìgbà tí oògùn tán àti orúkọ oògùn tí ó tán ni ó ń kà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ka oògùn tí ó tán, àwọn kan bínú, ariwo ta. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé yẹn gan-an, ìyàwó aránṣọ kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nígbà ìbímọ dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n wo ọmọ tí òun pọ̀n, ó ní iye tí òun san kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ ju àwọn tí mo rí kó jọ pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ ṣáájú.

Nǹkan kan wà tí ẹgbẹ́ ń béèrè báyìí, tí n kò rí ìdáhùn sí. Wọ́n ní bí ilé ìwòsàn bá kọ O/S sí ẹ̀gbẹ́ oògùn tí ó wà nínú ìlànà, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè rà á níta, kí ó sì mú rísíìtì wá gba owó rẹ̀ padà lára owó tí wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn náà lóṣooṣù. Wọ́n ní bí owó bá ń yọ lára wọn bẹ́ẹ̀, oògùn yóò wà lórí pẹpẹ. Akọ̀wé ti kọ ìbéèrè náà sínú ìwé, ìyálọ́jà àti èmi ti buwọ́ lù ú, a sì ti gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo. Ìpàdé tí ń bọ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò bi wá ní èsì rẹ̀, oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ sì ni owó ọdún tuntun yóò pé láti san.